Bọ́ọ̀sì tí a fi ṣe ilé: láti Ìbàdàn gba etí òkun dé Àného

Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn tó ti dé Lomé, olú ìlú Tógò, rí pé kí ni wọ́n rí lọ́nà, bọ́dà ni wọ́n máa sọ fún yín. Bí wọ́n ṣe pẹ́ tó ní Sẹ̀mẹ̀, iye tí wọ́n fi ṣẹ́ náírà sí séfà, gósiló Mile 2, ó parí. Àgbádárìgì ńkọ́? Wọ́n kọjá níbẹ̀. Ouidah ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀? Wọ́n ń sùn lọ nínú mọ́tò nígbà yẹn. Grand-Popo? Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí àwọn ìlú kéékèèké tó wà létí òkun yẹn gan-an ni ìrìn àjò náà, Lomé kàn jẹ́ ibi tí títì gbé wọn dé ni. Ìdí nìyẹn tí èmi àti dádì àwọn ọmọ mi fi ní táwa bá máa lọ, a máa gbé ilé wa dání ni, ìlú tó bá wù wá la máa sùn sí, a ò ní sáré.

Ilé yẹn, bọ́ọ̀sì Hiace ni. Tòkunbọ̀ ni a rà, a tú gbogbo síìtì ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò, ó ku ìlà kan ṣoṣo tí a fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àti Màmá, ìyá ọkọ mi. Ọjà plánkì Bódìjà la ti ra igi, káfíńtà àdúgbò wa ló kan bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sókè díẹ̀ kí abẹ́ ẹ̀ lè gba kòkò, aṣọ, gààrí àti ẹ̀lùbọ́, torí Màmá ò lè kúrò nílé láìmú ẹ̀lùbọ́ dání. A fi fóòmù sí i, a fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí gbogbo wíńdò, rẹwáyà gbé sólà kan sórí rúùfù tó ń gbé fáànù àti gílóòbù, a ra kẹ́ẹ̀gì omi àti sítóòfù gáàsì kékeré tó jẹ́ pé ìta la ti máa ń dáná sí i, tí ilẹ̀ bá ti ṣú a máa tì í pa, a ò sì ní gbé e sínú bọ́ọ̀sì tí èèyàn ń sùn sí. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ẹ̀. Ibi tí a bá páàkì sí la ti máa ń tọrọ balùwẹ̀, nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kékeré tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, a máa sanwó, a sì máa kí wọn dáadáa. Mi ò gbà kéèyàn kàn lọ páàkì sétí omi lóru láìjẹ́ pé ó ti rí àgbà ibẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ mọ̀. Atẹ́gùn òkun ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin, ẹ jẹ́ kí péntà kun abẹ́ mọ́tò yín kí ẹ tó lọ, tí ẹ bá sì padà délé kẹ́ ẹ fi omi tí ò níyọ̀ fọ̀ ọ́ tinú tòde. Ẹ má sì wakọ̀ wọ iyanrìn, bó ti wù kó dà bíi pé ó le tó lójú. Bọ́ọ̀sì tó gbé ẹrù báyìí, tẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni táyà á ṣe máa gbẹ́ kòtò fún ara ẹ̀. Dádì àwọn ọmọ máa ń gbé plánkì méjì dání, wọ́n ní táyà bá rì, ohun tí wọ́n á tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Màmá ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ta aṣọ ní Gbági láyé ijọ́un, Gbági àtijọ́ lẹ́bàá Dùgbẹ̀, kí ọjà tó kó lọ sí Gbági tuntun lọ́nà Ifẹ̀. Kútọnu ni wọ́n ti ń ra ọjà. Àwọn àti ẹgbẹ́ wọn á wọ mọ́tò, wọ́n á dé Kútọnu, wọ́n á ra aṣọ, ó di wéré wọ́n ti yí padà, torí owó tó wà nínú ọjà ò jẹ́ kéèyàn jókòó. Nígbà tí a sọ ìrìn àjò yìí fún wọn, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, ọ̀nà yẹn ni mo fi rán ọkọ ẹ níwèé, àmọ́ mi ò fẹsẹ̀ kan òkun ibẹ̀ rí." Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé àwọn gan-an la máa tìtorí wọn lọ.

Ìbàdàn sí Èkó ò nílò ìròyìn, gbogbo wa la mọ márosẹ̀ yẹn, kìlómítà 127 láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí i. A jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kí a lè kọjá Mile 2 kí oòrùn tó mú. Ìgbà tí a kọjá Òkokomaikò àti Agbárá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, igi àgbọn bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ di iyanrìn funfun, àwọn ọmọ yọrí síta wíńdò.

Àgbádárìgì la kọ́kọ́ sùn sí. Petẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣì wà níbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀sà, àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ló kọ́ ọ, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ tí ẹ ó fi rí ibi tí igi Àgíà dúró sí, igi tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ ẹ̀ lọ́dún 1842, igi náà wó lọ́dún 1959. Ẹ rántí pé ọmọ ìjọ Kúdẹtì ni Màmá, ìjọ tí David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS náà, àti Anna ìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá gbé ní Ìbàdàn lọ́dún 1853. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ àwọn wọ̀nyẹn lójú àga ìwàásù. Wọ́n tẹ́wọ́ sára ògiri petẹ́ẹ̀sì yẹn, wọ́n ní "Ibí ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé tọ̀ wá wá." Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́, kò sẹ́ni tó yọ wọ́n lẹ́nu.

Àmọ́ ohun tó gba ibẹ̀ jáde náà wà, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ilé Sẹ́ríkí Williams Abass wà nínú ìlú kan náà, yàrá 40 tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú sí kí ọkọ̀ tó dé. Ọmọ Yorùbá ni Sẹ́ríkí fúnra ẹ̀, láti apá Ìjọ̀gá ní ilẹ̀ Yewa, wọ́n kó òun náà lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wá, ó sì wá di ẹni tó ń ta èèyàn. Yàrá yẹn kéré débi pé ọmọ mi àgbà bèèrè pé ibo ni wọ́n ti ń na ẹsẹ̀, mi ò mọ nǹkan tí mo lè dá a lóhùn. A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹrẹfú, a rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà, a kọjá kànga tí wọ́n máa ń fún wọn lómi mu níbẹ̀, a rìn títí a fi dé òkun gan-an.

Àwa ọmọ Ìbàdàn fẹ́ràn ká máa sọ pé ọmọ jagunjagun ni wá. Òótọ́ ni, ibùdó ogun ni ìlú wa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829. Ṣùgbọ́n ibo làwọn tí wọ́n ń kó nínú gbogbo ogun ilẹ̀ Yorùbá ìgbà yẹn ń lọ? Àwọn kan ṣiṣẹ́ lóko àwọn olóyè, àwọn kan ni wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi dé etí omi, Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́, Ouidah. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn nítòsí Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó o lọ́dún 1821, wọ́n tà á dé Èkó, ọkọ̀ ológun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á lójú òkun lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì jẹ́ Àgbádárìgì yìí náà ló gbà wọlé padà lọ́dún 1845, kó tó dé Abẹ́òkúta lọ rí ìyá ẹ̀. Ti Crowther la mọ̀ torí ó padà wá. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ pé ọ̀nà wà láti Ìbàdàn dé iyanrìn yẹn, àti pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín.

Bọ́dà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló gbà wá láyè láti wọlé láìgba físà, kí gbogbo èèyàn ní yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí mọ́tò sì ní ìwé ẹ̀ pé, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Chẹ́kíńpọ́ọ̀tì pọ̀ láàárín Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀, ẹni tí ìwé ẹ̀ bá pé kó fara balẹ̀, kó kí wọn, kó fi han wọn. Ní òdìkejì, ẹ máa rí epo tí wọ́n tò sínú ìgò ńlá ńlá létí títì, kpayo ni wọ́n ń pè é, epo tó ti Nàìjíríà kọjá. A ò rà á, fílíńsítéṣọ̀n la ti rà.

A yà sọ́wọ́ ọ̀tún lọ sí Àjàṣẹ́, Porto-Novo tí ìwé ń pè é. Òun ni olú ìlú Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú jẹ́jẹ́ ni, ara tu èèyàn níbẹ̀. Màmá wọ ọjà, wọ́n sọ Yorùbá, wọ́n fi Yorùbá dá wọn lóhùn, wọ́n fi Yorùbá yọ owó ata, inú wọn dùn débi pé wọ́n ra ohun tí a ò nílò. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá wọn. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ẹrú àti àtọmọdọ́mọ wọn tó padà láti Brazil, ló kọ́ ọ, ìrísí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil ni wọ́n gbé fún un, ó kun fún àwọ̀, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Kútọnu, a kàn kọjá ni, kì í ṣe ìlú kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń jáde níbẹ̀, ẹ má gba títì ńlá. Ẹ gba Route des Pêches, ọ̀nà tó ti Fidjrossè ní Kútọnu tẹ̀ lé òkun lọ sí ọ̀nà Ouidah, òkun wà lọ́wọ́ òsì yín, abúlé àwọn apẹja àti igi àgbọn ni ẹ ó máa rí. A rọra wà á. Màmá ní kí dádì àwọn ọmọ dúró, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jẹ́ kí omi òkun fọ ẹsẹ̀ wọn. Gbogbo bí wọ́n ṣe ná Kútọnu tó láyé ijọ́un, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi ni mo ń sunkún.

Ní Ouidah, ilé òrìṣà erè àti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá ló kọjú síra wọn, kò sí wàhálà láàárín wọn. Láti àárín ìlú sí etí òkun tó kìlómítà mẹ́rin, ọ̀nà àwọn ẹrú nìyẹn, ó parí síbi ẹnu ọ̀nà gíga tí wọ́n ṣí lọ́dún 1995, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà. Tí ẹ bá lọ ní àwọn ọjọ́ tó yí January 10 ká, ẹ máa bá ọdún Vodun, ọdún àwọn òrìṣà wọn, pàdé, ìlú máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ tètè wá ibi tí ẹ máa páàkì sí. Àmọ́ ibi tí a pẹ́ sí jù ni Djègbadji, abúlé kan láàárín ìlú àti òkun, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ọ̀sà bá fà, iyọ̀ máa ń gbẹ mọ́ ilẹ̀, wọ́n á há ilẹ̀ yẹn jọ, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá, wọ́n á máa da omi lé e lórí, omi tó bá jò jáde lábẹ́ ẹ̀ ti di omi iyọ̀ tó dá ṣáká, ìyẹn ni wọ́n á gbé kaná tí wọ́n á máa sè títí omi á fi gbẹ tí iyọ̀ á kù. Èéfín yẹn kì í ṣe kékeré. Ìyá kan tí a bá níbẹ̀ jẹ́ kí ọmọ mi obìnrin fi igbá bu iyọ̀ gbígbóná. Igi ẹ̀gbá etí ọ̀sà ni wọ́n ń fi dáná tẹ́lẹ̀ kó tó di pé igi yẹn ń tán lọ, ẹja sì máa ń sá pamọ́ sínú gbòǹgbò ẹ̀, tí igi bá lọ ẹja náà ń lọ ni. Ìyá náà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló ṣàlàyé ẹ̀ fún wa, ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá ń túmọ̀. A ra iyọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, òun la sì fi se gbogbo oúnjẹ tó kù lọ́nà.

Lẹ́yìn náà, Grand-Popo. Tí ẹ bá ní kí n mú ìlú kan ṣoṣo, òun ni mo máa mú. Ìlú òwò ńlá ni nígbà àwọn Faransé, òkun ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìgbà yẹn, àwọn kan tó kù ṣì dúró láàárín igi àgbọn. Omi Mono ń ṣàn wọ òkun nítòsí ibẹ̀, àwọn alábahun òkun sì máa ń wá yé ẹyin sí iyanrìn lóru. A sanwó fún òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan, wọ́n ní ká páàkì sínú ọgbà, ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì kọjú sókun tààrà.

Ohùn orin ló jí wa. Ilẹ̀ kò tíì là tán. Àwọn apẹja ti gbé ọkọ̀ wọ omi, ìdí okùn kan wà lọ́wọ́ àwọn tó dúró sétí omi, ọkọ̀ náà ń tú àwọ̀n sílẹ̀ lọ, ó yí po nínú òkun, ó wá gbé ìdí okùn kejì bọ̀ sétí omi lọ́nà jíjìn sí ti àkọ́kọ́. Ni ẹgbẹ́ méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, ẹni tó bá ti wà níbẹ̀ ló ń fà, orin ló ń jẹ́ kí wọ́n fà pọ̀, bí àwọ̀n ṣe ń súnmọ́lé ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń rìn súnmọ́ra. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni. Àwọn kan nínú wọn wá láti Kétà ní Gáńà, tipẹ́ ni àwọn apẹja Kétà ti ń tẹ̀ lé òkun yìí dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Àgbádárìgì. Dádì àwọn ọmọ dì mọ́ okùn, àwọn ọmọ náà dì mọ́ ọn, èmi náà dì mọ́ ọn, okùn yẹn tutù ó sì ń gé ọwọ́. Màmá jókòó sórí ìdí ọkọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sórin tí wọn ò gbọ́. Nígbà tí àpò àwọ̀n jáde, àwọn ẹlẹ́ja tó ti gbé bàsíà kalẹ̀ sáré bò ó, wọ́n pín in, àwọn tó fà ní ìpín tiwọn, wọ́n fún wa náà. Ẹja tó kéré pọ̀ nínú ẹ̀. Àgbà kan níbẹ̀ ní bàbá òun kì í fà tó báyìí kó tó rí èyí tó pọ̀ ju báyìí lọ, torí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń pẹja lójú agbami ń kó o kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ẹ má wẹ̀ nínú òkun yẹn o. Láti Èkó dé Lomé, omi etí òkun wa ń fa èèyàn lọ, ó lè má ju orókùn lọ kó sì gbé ọkùnrin tó sanra lulẹ̀. Àwọn ọmọ mi, inú ọ̀sà ni wọ́n ti wẹ̀, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ní kò léwu.

A kọjá Hillacondji wọ Tógò, Àného sì ni ìlú tí a kọ́kọ́ bá. Ìlú tó rẹwà tó sì ń bani lọ́kàn jẹ́ ni, ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ilẹ̀ tó kù láàárín wọn tín-ín-rín láwọn ibì kan. Òun àti Zébé tó wà nítòsí ẹ̀ ni àwọn Jámánì fi ṣe ibùjókòó ìjọba kí wọ́n tó kó lọ sí Lomé lọ́dún 1897. Bàbá kan tí a bá níbẹ̀ na ìka sójú omi, ó ní ilé bàbá òun wà níbi tí ìgbì ti ń fọ́ yẹn. Mo wò ó títí, omi ni mo rí. Iyanrìn etí òkun wa kì í dúró sójú kan, ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń gbé e bọ̀ wá síhà ìlà oòrùn, láti Gáńà kọjá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n parí dáàmù Akosombo lórí omi Volta ní Gáńà lọ́dún 1965, iyanrìn tí omi yẹn ń kó wá dín kù. Wọ́n kọ́ èbúté Lomé láàárín ọdún 1960 sí 1970, ògiri ẹ̀ tó wọnú òkun dá ìyókù dúró. Ìgbì ń kó iyanrìn lọ ní Àného, kò sì sí òmíràn tó ń bọ̀ wá dípò ẹ̀. Wọ́n ti to àpáta sétí omi láti fi dí i, ibi tí àpáta wà ń dúró díẹ̀, ibi tó tẹ̀ lé e ló ń jẹ. Àwa tí a mọ Bar Beach Èkó láyé ọjọ́un mọ irú ẹ̀, torí ògiri tí àwọn òyìnbó kọ́ sẹ́nu omi Èkó kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé ló fa tiwa náà.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí ẹ má kọjá àwọn ìlú yìí lójú oorun. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé, sàréè, ibi tí wọ́n ń fa àwọ̀n, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Láti December sí March ni títì gbẹ jù, tí iyọ̀ sì ń jáde ní Djègbadji. Ẹ kó séfà wẹ́wẹ́ dání fún owó títì, kí ẹni kan sì gbìyànjú Faransé díẹ̀, torí tí ẹ bá ti kọjá Àjàṣẹ́, Yorùbá nìkan ò ní tó.

Ọ̀nà kejì ló kù fún wa báyìí, òkun tiwa gan-an, ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Òǹdó. Ayétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí i, kí Màmá náà rí i nígbà tí ara wọn ṣì le. Ìgbókòdá ni bọ́ọ̀sì máa dúró sí, ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀ látibẹ̀. Tí ẹ bá ní èèyàn ní Ìgbókòdá tó ní ọgbà tí a lè páàkì sí, tí kò ní bínú sí àwọn ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.